Bí Ihò Dúdú Bá Ní Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé 2025. Ṣakí.

A ti délé. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà ni Bàbá ń bú, bẹ́ẹ̀ dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ mi orí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n yọ awọ funfun tó bo ojú ọ̀tún. Ti òsì ti kú tipẹ́ — èérún òkúta ló ta sí i nínú kànga kan ní Ìgbẹ́tì kí wọ́n tó bí mi. Ojú kan ṣoṣo ló kù, èmi ni wọ́n sì fi ṣọ́ ọ. Àwáwù ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè wá. Oògùn ojú lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbé ẹrù, eruku ò gbọdọ̀ kàn wọ́n — eruku, ní Ṣakí, nínú ọyẹ́! Kí dókítà kúkú ní kí wọ́n má mí.

Èmi náà gbé ẹrù tèmi wálé. Kọ̀ǹpútà kan, ìwé àpilẹ̀kọ tí mo ti ń kọ láti ọdún mẹ́fà, àti ọjọ́ kan tí mo fi bírò yí po lórí kàlẹ́ńdà: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ náà ni màá dúró níwájú àwọn olùdánwò ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá gba ìwé mi, mo di ọ̀mọ̀wé. Bí wọn ò bá gbà á — jẹ́ n lọ kán oògùn.

Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Ọyẹ́ bo oòrùn, sólà ò ríran. Kọ̀ǹpútà kú lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn ojú: mẹ́rin nínú mẹ́rin. Mo yege nínú ìyẹn, ó kéré tán.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Rédíò ti sú Bàbá. Wọ́n ní kí n jókòó kí n sọ ohun tí mo ń ṣe nídìí ẹ̀rọ láti òwúrọ̀. Ọdún mẹ́fà, wọn ò bi mí rí! Ohun tí wọ́n máa ń sọ fáwọn èèyàn ni pé, "Mùyìbátù ń kàwé nípa ojú ọ̀run," ó parí.

Mo ní: ìràwọ̀ ńlá, tó tóbi ju oòrùn lọ fíìfíì, bí iná inú rẹ̀ bá kú, ó máa ń wó lu ara rẹ̀. Á máa wó, á máa súnkì, títí gbogbo ìwúwo rẹ̀ á fi wọ ibi tíntín. Òòfà rẹ̀ á wá le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá, bó bá wọlé, kò ní lè jáde. Ihò dúdú nìyẹn. Oòrùn tó ń jó wa lórí yìí, bó bá ṣeé tẹ̀ títí á fi di ihò dúdú, Ṣakí nìkan á gbà á, àyè á sì ṣẹ́kù.

Bàbá ní, "Sùbúhánálláhì." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni orí tèmi náà ń wú. Èmi tí mo ti ń fi ṣe ìṣirò bí ẹni ń fọ abọ́, mo ti gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Mo ń bá a lọ. Ihò dúdú ní bèbè kan tí mò ń pè ní bèbè àrèmabọ̀. Òfin òòfà tí gbogbo ayé ń lò láti ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún sọ pé ohun tó bá ré kọjá ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àmọ́ àwa kan rò pé òfin náà ò tíì pé. A máa ń fi nǹkan díẹ̀ kún un, ká wo ohun tó máa jáde. Nínú òfin tí èmi tún ṣe, ìràwọ̀ náà ò wó tán. Ó ku ín-ín kó dé bèbè ló dúró. Ó ní ilẹ̀ nísàlẹ̀. Láti òkèèrè, kò sí ojú tó lè dá òun àti ihò dúdú mọ̀ yàtọ̀. Nínú ìwé yìí nìkan, Àbúrò ni mò ń pè é.

Báwo la ṣe máa wá dá wọn mọ̀? Ohùn ni. Bí méjì nínú wọn bá kọlu ara wọn, gbogbo òfuurufú á mì, ẹ̀rọ tó wà láyé yìí sì ń gbọ́ ọ. Ìgbì tó bá wọnú ihò dúdú, ó gbé e mì. Èyí tó bá wọnú Àbúrò á kan ilẹ̀, á padà sókè: gbohùngbohùn. Ohun tí ìwé mi sọ nìyẹn, òun náà ló wà nínú àkọlé rẹ̀ — pé gbohùngbohùn náà máa wà, pé ẹ̀rọ òde òní sì lè gbọ́ ọ.

Bàbá ní, "Kànga ni."

Mo ní kì í ṣe kànga gan-an.

"Kànga ni jàre. Ṣé ó ní ìsàlẹ̀ ni àbí kò ní, ohun tẹ́ ẹ̀ ń jà lé lórí nìyẹn."

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi gbẹ́ kànga káàkiri Òkè-Ògùn. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú mi. Ọdún mẹ́fà mi nìyẹn, gbólóhùn kan.

Jímọ̀, 14 Èrèlé

Bàbá Ṣùkúrù wá kí wọn lẹ́yìn ìrun. Kàdírì lorúkọ wọn, àmọ́ Alókùn ni mò ń pè wọ́n níhìn-ín, torí àwọn ló ń di okùn mú lókè nígbà tí Bàbá bá wà nísàlẹ̀. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu. "Tísà, wọ́n ní o rí kànga lójú ọ̀run. Ta ló máa di okùn mú fún ẹ?"

Wọ́n sọ̀rọ̀ kànga kan ní Ìgbẹ́tì, kì í ṣe èyí tó fọ́ ojú Bàbá. Bàbá kì í sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga tó bá ti wà láìṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n pe orúkọ ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta: Ràsáàkì! Ràsáàkì! Ràsáàkì! Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n pè é tán, wọ́n kó dígà wọn, wọ́n ní àwọn ò gbẹ́ mọ́. Onílé fárígá. Ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ṣẹ́ dígà mẹ́rin, wọn ò kan ẹ̀kán omi kan. Alókùn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àyà mú.

Láti kékeré ni mo ti ń rí orúkọ pípè yìí. Mo rò pé àdúrà ni, pé wọ́n fi ń bẹ ilẹ̀ ni. Mi ò bèèrè rí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Lẹ́tà wọlé sórí fóònù láti ọ̀dọ̀ Bàbá Onípupa — ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi, ẹni tí kì í fi bírò mìíràn ṣàtúnṣe ìwé àfi pupa. Olùdánwò àgbà ti ka ìwé mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́: nínú orí kẹrin, Àbúrò ń pòòyì jẹ́jẹ́. Bó bá ń pòòyì kíákíá ńkọ́?

Ìbéèrè tó dáa ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ̀rọ ti gbọ́, kíákíá ni wọ́n ń pòòyì. Mo ti fi kọ̀ǹpútà sẹ́nu iṣẹ́. Á gbà á ní ọjọ́ méjì, bí oòrùn bá gbà fún sólà. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Àbúrò kú.

Mo máa kọ ọ́ kó lè yé èmi fúnra mi. Àbúrò ní ilẹ̀ nísàlẹ̀. Lókè, òòfà rẹ̀ yí i po bí ọgbà. Ìgbì tó bá há sáàárín méjèèjì á máa lu ilẹ̀, á máa lu ọgbà, síwá sẹ́yìn. Bí Àbúrò bá ń pòòyì jẹ́jẹ́, ìgbì náà á rọra tán. Bó bá ń pòòyì kíákíá, gbogbo ìgbà tí ìgbì bá lù ló ń jí díẹ̀ nínú agbára òòyì náà. Á máa tóbi. Á tún tóbi. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á fa Àbúrò ya. Èyí ni pé irú rẹ̀ ò lè wà lójú ọ̀run. Èyí ni pé ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ohun tí kò lè wà láàyè.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé

Oògùn mẹ́rin. Kò sí nǹkan mìíràn.

Jímọ̀, 21 Èrèlé

Mo yẹ gbogbo ìṣirò wò, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Kò sí àṣìṣe. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní mo rí àṣìṣe!

Bàbá Onípupa pè. Ohùn wọn rọ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù, torí wọn kì í rọ̀. Wọ́n ní kí n yàn: ká sún ìdánwò sí ọdún tó ń bọ̀, tàbí ká yọ orí kẹrin àti ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé bí a bá yọ méjèèjì, ohun tó kù ò tó gboyè. Wọ́n fún mi di ọjọ́ Ajé.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo fi máa rántí, aago mẹ́ta ti kọjá, oògùn ọ̀sán ò tíì kán. Mo sáré wọlé. Bàbá jókòó síbi tí mo fi wọ́n sí, wọ́n ti gbé orí sókè de oògùn. Wọn ò pè mí. Wọn ò bínú. Ojú tì mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Àìkú, 23 Èrèlé

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí eruku rọlẹ̀, Bàbá wọ awò dúdú wọn, wọ́n ní kí n di ọwọ́ àwọn mú ká nasẹ̀. Mo ti sọ fún wọn lánàá pé nǹkan tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ti kú, mi ò sọ bó ṣe kú. A dé ìdí kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, èyí tí wọ́n pa tì. Wọ́n ní kí n pe orúkọ mi sí i. Mo ní fún kí ni. Wọ́n ní, "Pè é."

Mo pè é. Mùyìbátù! Ó padà wá bá mi ṣánṣán, odindi, bíi pé ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ tó ń pè mí.

A dé ìdí kànga Alókùn, èyí tí wọ́n ń pọn lójoojúmọ́. Mo tún pè é. Ó padà, àmọ́ ó ti fẹ́lẹ́. Nǹkan ti ṣí kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n ní, "O gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ní: "Èyí àkọ́kọ́, àpáta gbígbẹ ni, òkú kànga. Òkú kànga ló máa ń dá gbogbo ohùn padà. Kànga tó bá wà láàyè, á jẹ díẹ̀ nínú ohùn rẹ. Ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́, omi á jẹ ẹ́. Ìdí tí mo fi ń pe orúkọ ara mi ni pé kò sí ohùn tí mo mọ̀ tó ti ara mi. Bí tẹlòmíràn bá dín, mi ò ní mọ̀."

Kì í ṣe àdúrà. Láti ọjọ́ yìí wá! Ìwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n.

Wọ́n wá bi mí, "Kí lo fi sísàlẹ̀ tìrẹ?"

Mo ní, "Àpáta."

"Ṣé ó ń dá gbogbo rẹ̀ padà?"

"Gbogbo rẹ̀."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "O wá ń sunkún pé ó kú?"

Nínú iṣẹ́ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, ẹsẹ kan wà tó ń sọ iye tí ilẹ̀ Àbúrò ń dá padà nínú ohun tó bá kàn án. Ọdún kẹta ni mo kọ ọ́. Mo kọ ọ̀kan gééré síbẹ̀ — gbogbo rẹ̀ — mi ò sì wo ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Kí ló dé? Ọmọ Ṣakí ni mí. Kò sí kànga tí mo mọ̀ lágbègbè yìí tí dígà kò ní kan àpáta níkẹyìn. Nígbà tí mo gbọ́ "ìsàlẹ̀", àpáta ni ọkàn mi rí. Ọmọ etí òkun ì bá fi ẹrẹ̀ síbẹ̀ láìronú. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan tí Ọlọ́run dá tó ń dá gbogbo nǹkan padà, ó gbọ́dọ̀ gbóná díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mu díẹ̀. Mo mọ èyí láti ilé ìwé girama!

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Mo bẹ Bàbá Onípupa fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n ṣe é.

Mo jẹ́ kí ilẹ̀ Àbúrò máa jẹ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kú. Ó pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kú ṣá.

Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé

Mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ń pòòyì níwọ̀ntúnwọ̀nsì là á já! Èyí tó ń pòòyì kíákíá kú. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo tẹ ogún. Mo tẹ ogójì.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé

Ọgọ́ta. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà tó ń fò sókè láti ọjọ́ yìí tẹ̀ wálẹ̀ lójú mi, ó rọra ń sùn, ó sùn pátápátá. Àbúrò wà láàyè.

Mo jáde síta, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe níta. Àlùhámúdùlíláhì. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè Àsàbàrí, ó pọ́n, ó tóbi. Mo ń wò ó, mò ń ronú pé ohun kan lè wà lójú ọ̀run lọ́hùn-ún tó wúwo ju ọgbọ̀n irú èyí lọ, kó máa pòòyì lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì dúró láìwó, nítorí pé ó ń jẹ nínú ohun tó bá kàn án. Omi bọ́ lójú mi. Ta ni mí tí irú èyí fi hàn sí mi, nínú àgbàlá tí adìẹ wà?

Mo sọ fún Bàbá pé ọgọ́ta ló ń jẹ. Wọ́n ní, "Ó mà ń jẹun o."

Jímọ̀, 28 Èrèlé

Ayọ̀ mi ò pé ọjọ́ méjì. Mo wọn gbohùngbohùn Àbúrò tuntun yìí. Bó bá jẹ ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá kàn án, èyí tó padà síta kéré ju ariwo inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀rọ òde òní tó lè gbọ́ ọ. Mi ò sì rí èyí tó máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú.

Bó bá pariwo, ó kú. Bó bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Àkọlé ìwé mi sì wí pé a máa gbọ́ ọ.

Ẹ̀mí kan ń sọ fún mi pé kí n dúró sórí èyí tó ń pòòyì jẹ́jẹ́. Kódà bó jẹ mẹ́fà péré, ìyẹn ò ní kú, gbohùngbohùn rẹ̀ ròkè, àkọlé á dúró. Kí n fi èyí tó ń pòòyì kíákíá sí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí ojú ti máa ń rẹ olùkàwé. Àmọ́ àwọn tó wà lójú ọ̀run gan-an, tí ẹ̀rọ ti gbọ́, kì í ṣe jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pòòyì.

Mo pe Bàbá Onípupa. Wọ́n ní ẹni tó bá yí àkọlé padà nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n lè lé e padà sílé, òfin fún wọn láyè. Wọ́n ní, "Ìwé ẹ ni. Orúkọ ẹ ló wà lára ẹ̀."

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní aláìsàn kọ́ làwọn, àwọn máa gbà á. Álífáà ní oògùn ojú kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, ìjà parí.

Mo yí àkọlé padà. Mo kọ ọ́ ketekete sí ojú ewé àkọ́kọ́: irú nǹkan yìí lè wà láàyè, a ò sì lè fi etí dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ihò dúdú. Mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà sí gbogbo àwọn olùdánwò.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà. Ìbàdàn.

Àwáwù gbé ọmọ pọ̀n wá, ó gba oògùn ojú lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́nìkan nínú àwọn olùdánwò tó fèsì lẹ́tà mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Wákàtí mẹ́ta. Olùdánwò àgbà, obìnrin, irun rẹ̀ funfun báláú, kò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ ohun tó dùn jù nínú ìwé mi, kí ló wá kù? Mo ní, "Mà, ohun tó kù ni pé bí Àbúrò bá wà, bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyí."

Gbogbo wọn wò mí. Bàbá Onípupa fọwọ́ bo ojú. Ẹnì kan bèèrè pé àbúrò ta ni. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé! Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, olùdánwò àgbà nìkan ni kò rín.

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Wọ́n pè mí wọlé. Wọ́n dìde dúró, wọ́n pè mí ní Ọ̀mọ̀wé Ràsáàkì — orúkọ bàbá mi, nínú yàrá yẹn.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, ìyá onírun funfun náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún ni òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ní ìwé kan tí òun kọ wà lọ́wọ́ òun tó yẹ kó lọ fún ìtẹ̀jáde lọ́la, lórí ọ̀kan nínú àwọn ìkọlù tí ẹ̀rọ gbọ́ lọ́dún tó kọjá. Alẹ́ àná lòun ka lẹ́tà mi tán, tí òun ṣí ìwé náà, òun sì kà á: ìgbà mẹ́tàléláàádọ́ta lòun pe nǹkan náà ní ihò dúdú.

Ó bi mí, kì í ṣe bí olùdánwò mọ́, pé, "Kí ni kí n máa pè é?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Mà."

Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀ mọ́." Ó gbójú sókè wo sánmà ọ̀sán tó mọ́ gaara, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, èmi náà wo ibẹ̀. A jọ dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásàárì.